Ọ̀rá Tí Wọ́n Fi Ń Yẹ́ Bàbá Sìdíkàt Sí

Láyé ìgbà tí à ń wí yìí, ẹni tí kò bá sanra ní Mushin, àánú ni wọ́n fi ń wò ó. Bí ikùn ọkùnrin bá ṣíwájú rẹ̀ wọlé, wọ́n á ní, "Ayé yẹ ẹ́." Bí ó bá gbẹ bí igi ìdáná, wọ́n á ní ìyàwó rẹ̀ ni kò mọ oúnjẹ sè. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Iléyá mọ́, tí àgbò ń ké láti ojúlé dé ojúlé, tí àwọn ọmọ ń sáré kiri nínú aṣọ tuntun, tí itọ́ ń dà lẹ́nu tọmọdé tàgbà, Sàúdátù nìkan ló jí tòun ti àyà jíjá. Àgbò kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Ọ̀rá àgbò ni.

Dókítà ló fà á. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí inú gbé Múrítàlá, ọkọ rẹ̀, lẹ́yìn tó jẹ àbọ́dí àti ẹran díndín yó níbi tí wọ́n ti ń ṣílé. Ọkùnrin tó ń dá nìkan gbé pákó ìrókò, tó ń kan bọ́dì bọ́lẹ̀kájà lẹ́yìn ilé, ló ń yí nílẹ̀ gbirigbiri bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lódò. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀. Dókítà ní òkúta wẹ́wẹ́ ti wà nínú òróòro rẹ̀, ọ̀rá sì ni í máa ń jí wọn dìde.

"Bàbá, ẹ gbọ́," dókítà ní. "Ọ̀rá, àbọ́dí, ẹran tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òróró, ó parí. Bí inú yín bá tún gbé yín báyìí, ọ̀bẹ la ó fi là á. Mi ò sì ní búra fún yín pé ẹ ó jí."

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ náà, Múrítàlá di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú lójú títì. Ó ní, "Ìyá Sìdíkàt, bí o bá fẹ́ràn mi, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́. Bí Làmídì tó gbé lọ́rì rẹ̀ wá fún mi bá gbọ́ pé inú ń ṣe mí, ilé kánfíńtà mìíràn ló máa wọ́ ọ lọ. Kí wọ́n tún wá máa wí ní àdúgbò pé Múrítàlá kò lè jẹ ẹran mọ́? Kí n tó dúró gbọ́ ọ, kí n kú."

Sàúdátù búra fún un. Ìbúra náà ló wá di ẹrù lọ́jọ́ ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Àṣà àdúgbò wọn ni pé bí o bá pa ẹran, ibi tó lọ́ràá jù lọ lo máa bù ránṣẹ́ sí àgbà tí o bá bọ̀wọ̀ fún. Ẹran pupa gbígbẹ, tọmọdé ni. Àgbà tí wọ́n bá gbé ẹran gbígbẹ fún ti mọ̀ pé wọ́n ti bú òun. Ohun tí wọ́n bá sì fi orúkọ Bàbá gbé wá, ẹnikẹ́ni nínú ilé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án àfi tí Bàbá bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Gbogbo ayé ló sì mọ̀ pé Múrítàlá fẹ́ràn ọ̀rá. Ó máa ń gbé e mì bí ẹni ń mu omi, á sì fi ọwọ́ nu irùngbọ̀n rẹ̀ kí ó lè máa dán.

Wọ́n ti yídì dé, wọ́n pa àgbò. Ràbíátù, ẹ̀gbọ́n Múrítàlá obìnrin tó wọ rélùwéè láti Abẹ́òkúta wá ṣọdún, ló jókòó ti agbada. Kò jẹ́ kí Sàúdátù dé ibi iná.

"Ìyàwó, lọ máa gé àlùbọ́sà. Mo ti ń dín ẹran kí wọ́n tó bí ọ."

Ó kó ọ̀rá àgbò sínú agbada, ó jẹ́ kí ó yọ́, ó wá fi ọ̀rá náà dín ẹran. Ẹran ń han gooro. Òórùn rẹ̀ gba inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bọ́ sójú títì. Àwọn tó ń kọjá lọ ń dá ẹsẹ̀ dúró, wọ́n ń kí wọn kú ọdún lẹ́ẹ̀mejì.

Àrínọlá, ará Iléṣà tó ń ta aṣọ, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, yọ orí jáde. Onígbàgbọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí Iléyá tí kò bá wọn ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n Ràbíátù, ẹ rọra o! Mo jẹ ẹ̀kọ tán láàárọ̀, òórùn yín tún ti fi ebi pa mí."

"Wá jókòó, Ìyá Caroline. Ẹni tó bá sún mọ́ agbada kì í gbàwẹ̀."

Sàúdátù ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ti dáná tirẹ̀ lọ́tọ̀ nínú ìkòkò kékeré, ó fi ẹja tútù àti ata se ọbẹ̀ láì ta epo sí i. Ó gbé e wọlé fún ọkọ rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Múrítàlá ṣí abọ́. Ó wò ó títí.

"Sàúdátù."

"Bàbá Sìdíkàt."

"Ṣé ẹja ló wà nínú omi yìí, àbí ẹja ló kàn wẹ̀ níbẹ̀ tó sì bá tirẹ̀ lọ?"

"Ọbẹ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́."

"Ọbẹ̀ kẹ̀? Mo ń rí òdòdó tí wọ́n yà sí ìdí abọ́. Ọbẹ̀ tí èèyàn ń rí ìdí abọ́ rẹ̀, omi ìṣanwọ́ ni." Ó gbé imú sókè, ó fa òórùn ẹran tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. "Háà, Ràbíátù! Ọmọ ìyá mi fẹ́ pa mí."

"Ó kúkú fẹ́ pa yín lóòótọ́. Ẹ jẹ ọbẹ̀ yín."

Ó jẹ ẹ́, ó ń kùn bí oyin.

Nígbà tó yá ni àwọn abọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Èyí láti ọ̀dọ̀ àwọn aránṣọ ìsàlẹ̀ àdúgbò, èyí láti ọ̀dọ̀ lémọ́mù, èyí láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n ti gba òmìnira. Kò sí èyí tí Sàúdátù ṣí tí ọ̀rá kò bò lójú. Èyí tó wá láti ọ̀dọ̀ Yẹ̀kínnì, onílé wọn, ló le jù: odidi ọ̀rá ẹ̀gbẹ́, ó funfun bí òwú, ó jókòó sínú àwo bí ọba. Ìyàwó onílé fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá wa ní kí ọ̀gá kánfíńtà fi tọ́ ẹnu wò. Wọ́n ní àwọn ò fún ẹlòmíràn, ọ̀gá nìkan ni."

"Ọlọ́run á ṣe ọdún púpọ̀ fún wọn," ni Sàúdátù wí. Nínú ikùn rẹ̀, ó ní: ẹ̀bùn tó ń gbé ọ̀bẹ bọ̀ lẹ́yìn rèé.

Sìdíkàt, àkọ́bí rẹ̀, tó ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ló ń bá a gba abọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Màmi, bí wọ́n ṣe ń kó ọ̀rá wá fún Bàbá yìí, ṣé wọ́n fẹ́ sọ Bàbá di àtùpà ni?"

"Pa ẹnu rẹ dé, kí o lọ wá èso fi dá abọ́ náà padà."

Kí ni kí ó ṣe? Bí ó bá gbé e sójú Múrítàlá, á jẹ ẹ́. Bí ó bá pín in fún àwọn ọmọ, ilé á bi í pé ta ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bí ó bá dà á sí kòtò, ajá àdúgbò á wọ́ ọ kiri, ẹni tó gbé e wá á sì dá a mọ̀. Ló bá ń fi ìborùn bo abọ́ kọ̀ọ̀kan, ó ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ibi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, níbi tí lọ́rì Làmídì dúró sí láì tíì ní bọ́dì. Ó ń da ọ̀rá náà sínú bàsíà ńlá lábẹ́ pákó, ó sì fi àpò ìdọ̀họ bò ó. Ó rò pé bí ọdún bá lọ tán, òun á rí ẹni tó ń se ọṣẹ gbé e fún.

Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹran pamọ́ fún eṣinṣin.

Iná Ràbíátù ń kú lọ. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ ṣa ègé pákó ní ibi iṣẹ́ àbúrò òun. Sàúdátù wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gba abọ́ mìíràn, kò rí i. Ohùn ló kọ́kọ́ gbọ́.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bá mi wo èyí! Eṣinṣin ló mú mi débẹ̀! Ẹ wá wo ohun tí ìyàwó ń fi ẹran ọkọ ṣe!"

Gbogbo obìnrin ilé tú síta. Ràbíátù ti wọ́ bàsíà jáde sí gbàgede. Ọ̀rá kún un dẹ́nu, ó ń dán nínú oòrùn.

"Sàúdátù! Kí lèyí?"

Sàúdátù dúró. Ó kúnlẹ̀.

"Mò ń bi ọ́! Àwọn èèyàn ń fi ọ̀wọ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi, ìwọ ń kó o pamọ́ sábẹ́ pákó! Mo ti rí i. Mo ti rí i pé o fẹ́ dì í lọ sí Ìjẹ̀bú Igbó fún àwọn ìyá rẹ. Abájọ! Abájọ tí àbúrò mi fi rù! Mo dé lánàá, mo wo ọrùn rẹ̀, mo ní ta ni wọ́n fi rọ́pò Múrítàlá?"

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu họ ara wọn létí.

"Òun náà nìyí, tó máa ń wolẹ̀ bí ẹni ire."

"Mo rí i tó fi ìborùn bo abọ́. Mo ní bóyá ó ń gbé ọmọ ni."

"Ìjẹ̀bú ṣáà! Wọn kì í jẹ́ kí nǹkan ṣòfò."

Àrínọlá jágbe mọ́ wọn. "Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ tẹnu rẹ̀ ná! Ìyá Sìdíkàt, sọ̀rọ̀. Èèyàn kì í gba orúkọ olè lọ́fẹ̀ẹ́."

Sàúdátù wo ilẹ̀. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ó ti da ọkọ rẹ̀. Bí kò bá sọ̀rọ̀, olè ni títí ayé. Ó ti jẹ́ ìyàwó ilé náà tipẹ́, kò sí ẹni tó tíì ka ẹ̀pà kan sí i lọ́wọ́ rí. Omijé lé ròrò lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ṣí.

"Ó dákẹ́!" Ràbíátù patẹ́wọ́. "Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ olè ni! Ẹ jẹ́ kí á lọ bá ẹni tó lẹ́ran."

Ó gbé bàsíà, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ síwájú ilé, gbogbo wọn tẹ̀ lé e. Múrítàlá àti Yẹ̀kínnì onílé ti jókòó síbẹ̀ lórí àga, wọ́n ń gbọ́ rẹdifúṣọ̀n, àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì tó ń kọrin láti yàrá onílé. Ràbíátù sọ bàsíà kalẹ̀ sáàárín wọn, Sàúdátù sì kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó mú ọ̀rá ẹ̀gbẹ́ onílé, ó gé e, ó padà lọ yí i nínú agbada tó ṣì ń gbóná, ó gbé e sínú àwo síwájú àbúrò rẹ̀. Epo rẹ̀ ń ṣàn yí i ká.

"Múrítàlá, ọmọ ìyá mi. Ìyàwó rẹ ló kó gbogbo èyí pamọ́ fún ọ. Ó yá, jẹ ẹ́ lójú rẹ̀, kí ó rí i pé o ní ìyekan."

Múrítàlá wo ọ̀rá. Ó wo àwọn èèyàn. Ó wo onílé tó fi í ránṣẹ́, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tó ń retí. Ikún ń jọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rèdí. Ikún ò mọ̀ pé ohun tó dùn ní í pani. Ṣùgbọ́n Múrítàlá mọ̀. Kì í ṣe adùn ló tì í mọ́, ojú ayé ni. Ó na ọwọ́, ó mú un. Ọ̀rá ń kán sórí agbádá funfun rẹ̀.

Sàúdátù dìde níbi tó kúnlẹ̀ sí. Ó wọ yàrá lọ. Nígbà tó máa jáde, ó ti di ẹrù kan. Gbogbo wọn rí ohun tó wà níbẹ̀, nítorí kò dì í dáadáa: aṣọ ìbora Múrítàlá, ife rẹ̀, pákò rẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ aláwọ̀ èlùbọ́ tó máa ń wọ̀ sùn. Ó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó gbé ẹrù náà sórí ẹsẹ̀, ó sì fi ọwọ́ lérán.

"Níbo lò ń lọ?" Ràbíátù bi í.

"Mi ò lọ síbì kan, Ẹ̀gbọ́n. Mo kàn ń múra sílẹ̀ ni."

"Ìmúra kí ni?"

Sàúdátù kò yíjú sí i. Ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

Ọwọ́ Múrítàlá dúró lágbede méjì. Ó wo ẹrù náà. Ó rí aṣọ ìbora tó fi lọ sí ọsibítù níjọ́sí. Ó wo obìnrin tí wọ́n ti pè ní olè lójú gbogbo ayé nítorí tirẹ̀, tí kò sì la ẹnu.

Ó dá ọ̀rá padà sínú àwo.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, ohùn rẹ̀ sì kéré débi pé wọ́n ní láti sún mọ́ ọn, "Sàúdátù kì í ṣe olè. Èmi ni mo ní kí ó má sọ̀rọ̀. Dókítà ló ní kí n má jẹ ọ̀rá mọ́. Òkúta ti wà nínú òróòro mi. Ó ní bí mo bá tún jẹ ẹ́, wọ́n á là mí bí àgbò."

Àwọn obìnrin yí ojú sí Sàúdátù.

Lójijì ni Yẹ̀kínnì onílé bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí fìlà rẹ̀ fi jábọ́.

"Múrítàlá! Ìwọ náà?"

"Èmi náà bíi ti ta ni, Bàbá Onílé?"

"Bíi tèmi! Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Láti ọdún Àwẹ̀ tó kọjá ni dókítà ti ní bí mo bá fẹ́ rí ọmọ-ọmọ mi, kí n jáwọ́ nínú ọ̀rá. Mo wá ń wá ẹni tí màá máa gbé e fún tí kò ní fura. Mo ní, ta ló tún kù? Múrítàlá! Ara ọkùnrin yẹn le bí òkúta!"

"Ó kúkú le bí òkúta lóòótọ́," ni Àrínọlá wí. "Òkúta náà ló wà nínú rẹ̀."

Ẹ̀rín gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Ìyàwó onílé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ gbá ìbàdí.

"Ẹ̀yin! Tí mo fi eékún mi kúnlẹ̀ nítorí ọ̀rá yẹn láàárọ̀! Ẹ ní ọ̀wọ̀ ni!"

"Ọ̀wọ̀ ni, Ìyàwó. Ọ̀wọ̀ ni. Mo bọ̀wọ̀ fún dókítà."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ní abájọ tí ọkọ tòun náà fi máa ń ní ẹran ń há òun léyín, tó sì jẹ́ pé eyín rẹ̀ funfun báláú, kò sì sí èyí tó mì. Ó kó aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó lọ bá a nílé, wọ́n sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lókèèrè bó ṣe ń bi í.

Ràbíátù kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró ti bàsíà, ó ń wo ọ̀rá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé fún àbúrò rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọkùnrin Mushin yìí," ó ní. "Ikú lẹ̀ ń dì sínú abọ́ ránṣẹ́ sí ara yín, ẹ sì ń dáwọ̀ọ́ ìdúpẹ́. Èmi tí mo ti Abẹ́òkúta wá, mo tún bá yín ta iyọ̀ sí i."

Ó lọ bá Sàúdátù lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹrù náà kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tú u. Ó ká aṣọ ìbora, ó ká ṣòkòtò, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ibi tí wọ́n ti hunjọ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ká aṣọ ìyàwó tuntun. Nígbà tó ṣe tán, ó kó wọn padà sínú yàrá fúnra rẹ̀. Àrínọlá wo àwọn tó kù, kò sì sí ẹni tó tún pe Ìjẹ̀bú.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, alùpùpù kan dún lójúde. Làmídì, tó ni lọ́rì ẹ̀yìnkùlé, ló dé, abọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì wà níwájú rẹ̀. Sàúdátù rí ojú ọkọ rẹ̀ bó ṣe yí padà. Ó dìde láti lọ gba abọ́ náà bó ti ń ṣe láti àárọ̀.

"Jókòó, Ìyá Sìdíkàt," ni Múrítàlá wí. Ó rọ́ fìlà sí ẹ̀gbẹ́. Ohùn rẹ̀ ti padà sí bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n, tí wọ́n ń gbọ́ láti òdìkejì títì. "Làmídì! Ẹ kú ọdún o! Ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ ẹ̀. Kí ló wà nínú abọ́ yẹn, ọ̀rá ni àbí ẹran pupa?"

Làmídì dúró, ó yà á lẹ́nu. "Ọ̀rá ni, Ọ̀gá. Ibi tó dára jù ni mo mú wá."

"Ẹ gbé e padà. Inú mi ò gbà á mọ́. Dókítà ní ó lè pa mí. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé lọ́rì yín lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn nítorí ẹ̀, ẹ wí i báyìí, kí n mọ̀."

Làmídì wo abọ́, ó wo àwọn tó jókòó, ó wá wo ọwọ́ Múrítàlá, ọwọ́ gbàǹgbà méjèèjì tó gbé lé orókún.

"Ṣé inú lẹ fi ń kan bọ́dì ni, Ọ̀gá?" ó bi í. "Mo rò pé ọwọ́ ni."

Ẹ̀rín tún bẹ́. Ràbíátù bu ẹran pupa gbígbẹ sínú àwo, irú èyí tí wọ́n ń fún ọmọdé, ó gbé ìṣù iyán tì í. Síwájú Sàúdátù ló gbé e sí, kì í ṣe síwájú Múrítàlá. Ìgbà yẹn ni Sàúdátù rántí pé láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́, òun kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu. Ó wẹ ọwọ́, ó jókòó dáadáa láàárín wọn, ó jẹun.